Ọ̀rọ̀ Tíṣà: Kí Ẹni Tó Mọ Orúkọ Rẹ̀ Tó Lọ



Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé, "Kí ló kan tíṣà nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò?" Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ní mọ́tò, ó kan ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì kan ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ju gbogbo wa lọ.

Bàbá tó bí bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Adó-Èkìtì níbí. Ní ọdún 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ó ra Morris Minor kan. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yá owó ni, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Láyé ìgbà náà, bí tíṣà kan bá ra mọ́tò, gbogbo àdúgbò ló ra mọ́tò. Òun ni wọ́n fi ń gbé aboyún lọ sí ọsibítù lóru, òun ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni wọ́n fi ń gbé àlejò Ọba pàdé. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí irú ọkọ̀ náà: ó rí roboto bí igbá tí a da ojú rẹ̀ dé. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ yà, apá kékeré kan yóò yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí ọmọ ilé-ìwé bá nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè. Ọdún 1961 ni wọ́n fi iná tí ń ṣẹ́jú rọ́pò apá yìí, nítorí náà tiwa wà lára àwọn tó ní i gbẹ̀yìn.

Bàbá ti lọ, ọkọ̀ rẹ̀ kù. Ó wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé wa. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Èkó ti sọ ọ́ títí pé kí a tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí a fi ààyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, kò gbà.

Ìyá Àgbà ti di ẹni ọdún 87. Ní ọdún tó kọjá ó pè mí sí yàrá, ó ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ òkú gbé mi, mo fẹ́ jókòó nínú mọ́tò ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tinú rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà tí yóò sọ pé kò ṣe é ṣe?

Mo pe mẹ́káníìkì kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ẹ́ńjìnì kò fún wa ní wàhálà púpọ̀. Irú ẹ́ńjìnì yìí ni wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ kékeré tí a ń pè ní Mini, wọn kò sì ṣíwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ náà títí di ọdún 2000. Ẹsẹ̀ iwájú ni ẹjọ́ wà. Irin kékeré kan wà tí ó di ẹsẹ̀ táyà iwájú mú nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó ní tírẹ́ẹ̀dì nínú bíi ti nọ́ọ̀tì, orí tírẹ́ẹ̀dì yìí sì ni ẹsẹ̀ táyà ń yí lé nígbà tí a bá ń darí ọkọ̀. Bí a kò bá fi gíríìsì sí i déédéé, yóò jẹ. Bí ó bá jẹ tán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò ká. Trunnion ni ìwé ọkọ̀ náà pè é. Tiwa méjèèjì ti jẹ.

Ni mo bá dìde láti lọ ra tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Ajílọ́sùn ní Adó níbí. Ọmọkùnrin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ bi mí pé, "Ọ̀gá, Toyota ọdún wo ni?" Mo ní, "Kì í ṣe Toyota, Morris ni." Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Bọ̀dá Morris kò tíì dé o." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù kẹfà, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Mo lọ sí Àkúrẹ́, kò sí. Nígbà tí a gba ọlidé, mo lọ sí Gate ní Ìbàdàn. Mo tún dé Ládipọ̀ ní Mushin l'Ékòó, níbi tí ènìyàn ti lè rí ẹ̀yà Toyota, Honda àti Mercedes bí ẹni ń rí iṣu lọ́jà. Ti Morris, kò sí.

Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù lọ. Màmá kan tí ń ta epo ẹ́ńjìnì sọ fún mi pé bàbá kan wà nítòsí òun tó jẹ́ pé ti ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń tà, Morris, Austin, Hillman, Bedford. Ó ti kú. Ó júwe ọmọ rẹ̀ fún mi. Ọmọ náà ń ta ìbòrí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Ó gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti pẹ́ jù. Nígbà tí Bàbá kú, a bá ọ̀pọ̀ irin nínú páálí. Wọ́n wé òmíràn nínú ìwé tó ní gíríìsì, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. A kò mọ ohun tí èyíkéyìí jẹ́. A wọ̀n ọ́n ní kílò fún àwọn tó ń ra irin." N kò bínú sí i. Bàbá rẹ̀ kò sọ fún un rí. Ṣùgbọ́n mo ronú pé ohun tí mo ti ń wá láti Adó lè ti wà nínú páálí yẹn, nínú ìwé rẹ̀, láìtíì tú.

Mo padà sílé, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin lọ. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn irin tó ti jẹ náà hàn án. Ó wò ó, ó wọ̀n ọ́n, ó sì gbẹ́ méjì tí ó jọ ara wọn bí ìbejì. Mẹ́káníìkì mi gbé wọn lọ. Ọ̀kan wọlé wẹ́rẹ́. Èkejì kò fẹ́ wọlé. Mẹ́káníìkì ní, "Tuntun ni, ìdí nìyẹn tó fi le." Ó fi òòlù àti agbára kún un títí ó fi wọlé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo ní kí n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà yí ìlú ká kí Ìyá Àgbà tó jókòó nínú rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní òun yóò bá mi lọ. Nígbà tí a dé Ìjìgbò, tí mo fẹ́ yà, mo gbọ́ "gbàgà!" Ẹsẹ̀ iwájú kan ká sábẹ́, ọkọ̀ wa sì kúnlẹ̀ sí àárín títì. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn yà bàrá, ó sì gbá igbá tòmátì obìnrin kan dànù. Ọmọ mi fi ẹnu gbá ìjókòó iwájú, ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a kò sáré. Mo san owó tòmátì, mo gbé ọmọ mi mọ́ra, ara mi ń gbọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rò ni pé bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni, Ìyá Àgbà ni ì bá jókòó níbẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá arúgbó kan ń tẹ ọ̀pá bọ̀ láàárín èrò. Ojú rẹ̀ kò ríran púpọ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan abẹ́ ọkọ̀ níbi tí ó ti ká, ó sì bèèrè pé, "Ta ló gbé orúnkún rẹ̀ wọ̀ ọ́?" Orúnkún ni òun ń pe irin náà. Mo dá a lóhùn. Ó mi orí, ó ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín pé ọ̀kan ń yí sí ọ̀tún, èkejì ń yí sí òsì?"

Ẹ gbọ́ o! Tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì kò rí bákan náà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo gbé lọ fún ẹni tó gbẹ́ ẹ, òun náà sì fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n méjèèjì. Mẹ́káníìkì mi kò mọ̀. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, tí mo ní ìwé ọkọ̀ náà nílé, n kò ka ojú ìwé náà dé ìdí. Bí bàbá tó wà ní Ìbàdàn bá wà láàyè, kí n tó sanwó ni ì bá ti bi mí pé, "Ti ọ̀tún ni àbí ti òsì?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni a pàdánù nígbà tí ó kú, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ mi.

Bàbá yìí kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Adó kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́. Òun ló là mí lójú nípa bí àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tán láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ nínú fún gbogbo ẹni tó ń tajà.

Nígbà tó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún ojú ọ̀nà Èkìtì. UAC ń ta Bedford, òun ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀ tí ó fi ń di bọ̀lẹ̀kájà, òun ló sì ń kó kòkó wa. BEWAC ń ta Land Rover àti Leyland. Ohunkóhun tí mẹ́káníìkì bá fẹ́, wọn yóò wo nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé, wọn yóò sì mú un jáde. Lára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yìí ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké ti ń ra ọjà wá sí Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ifàkì.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọlu ọjà náà ni ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. Ọjọ́ Àjíǹde ni. Ní ọjọ́ náà ni gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, kí a lè bá àwọn ìlú tó yí wa ká mu. Ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, di àjèjì lójú ọ̀nà. Awakọ̀ rẹ̀ kò lè rí iwájú dáadáa bí ó bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ ńlá. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé ọdún náà ni òun di awakọ̀ láì di sítíárì mú. Apá òsì ni òun ń jókòó, apá ibẹ̀ ló sì kọjú sí àárín títì. Bàbá yóò bèèrè pé, "Ìyàwó, ó ti rí?" Òun yóò sì yọjú wò, yóò ní, "Ó ṣófo, máa kọjá," tàbí, "Dúró o, akẹ́rù ń bọ̀!" Báyìí ni wọ́n ṣe lo ọkọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kejì ni owó Udoji. Ìgbìmọ̀ Udoji jábọ̀ ní 1974, wọ́n sì fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ṣí ní Kaduna, ti Volkswagen náà sì ṣí l'Ékòó. Tíṣà tó ní Morris tà á, ó ra Ìjàpá Volkswagen. Ọ̀gá rẹ̀ ra Peugeot 504. Ọlọ́jà kì í ta ohun tí ènìyàn kò rà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù yí ojú ọjà wọn padà, wọ́n kó ti Gẹ̀ẹ́sì sẹ́yìn.

Ohun kẹta wá láti ìlú Òyìnbó fúnra rẹ̀. Morris àti Austin ti da ara wọn pọ̀ ní 1952. Ní 1968 wọ́n bọ́ sínú British Leyland. Morris Minor tí wọ́n ti ń ṣe láti 1948, tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ilé náà ń wó díẹ̀díẹ̀ títí èyí tó kù nínú rẹ̀, MG Rover, fi dojú dé ní 2005. Bí orísun bá gbẹ, kí ni odò yóò ṣe?

Ohun kẹrin ni 1986, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí owó náírà wálẹ̀. Ọjà tuntun láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Tòkúnbọ̀ ló wá gbòde, ọkọ̀ Jàpáànù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà Morris tó ti darúgbó kò rí owó fi pààrọ̀ ọjà, kò sì rí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí yóò gba ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Bàbá Mẹ́káníìkì sọ. Ó ní gbogbo ìwọ̀nyí kò pa ọjà náà tán. Ẹ̀yà ọkọ̀ kì í jẹrà bí tòmátì. Irin tí a fi gíríìsì wé lè wà fún 50 ọdún. Ó ní, "Tíṣà, ọjà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ ló lọ. Bí ẹni tó mọ orúkọ irin bá ti lọ, irin náà ti di pàǹtí."

Mo rò ó títí, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Ẹ wo Íńdíà. Wọ́n mú Morris Oxford, wọ́n sọ ọ́ ní Ambassador, wọ́n sì ń ṣe é fúnra wọn láti 1957 títí di 2014. Ẹ wo Sri Lanka, ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe àkóso rẹ̀ bíi tiwa: ní àwọn ọdún 1990 wọ́n ń rọ páànù ara Morris Minor níbẹ̀, wọ́n sì ń tà á padà fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti wọlẹ̀, síbẹ̀ ènìyàn ṣì lè ra orúnkún Morris tuntun níbẹ̀ lónìí. Wọn kò gbọ́n jù wá lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni, wọ́n sì fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ọkọ̀ wa. Bí wọ́n ṣe fi òòlù fipá ti tírẹ́ẹ̀dì náà ti ba ọ̀pá ẹsẹ̀ táyà jẹ́, a sì ní láti rí òmíràn. Mo ní kí n ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó. Bàbá ní, "Dúró ná." Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé tí Morris ti wà rí láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìgèdè, bí ẹni ń ka orí Sáàmù. Ó ní tíṣà kan wà ní Ìlawẹ̀ tí òun ń tún tirẹ̀ ṣe. A lọ. Tíṣà ti kú, ṣùgbọ́n opó rẹ̀ mú wa dé ẹ̀yìnkùlé. Morris náà nìyẹn lábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ó wà dáadáa." Màmá náà kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ó ní kí a ṣáà gbé ọkọ̀ tiwa wá fi han òun bí ó bá tún rìn.

A padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Ọjọ́ méjì gbáko ni Bàbá fi jókòó tì í lórí àpótí. Bí ó bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, yóò gbé e fún Bàbá, Bàbá yóò ki ìka sínú rẹ̀, yóò ní, "Kò tíì jinlẹ̀ tó," tàbí, "Ó ti tó." Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọ̀kan yí sí ọ̀tún, èkejì yí sí òsì, méjèèjì sì wọlé láìsí òòlù. Rọ́bà bíréèkì nìkan ni a kò rí ṣe níbí. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù rà á, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀. Owó rẹ̀ àti ti ẹni tó gbé e wá ju ìlàjì owó oṣù mi lọ. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì dá a lẹ́bi.

Bàbá ní a kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ náà sáré, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé gíríìsì. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà wọ aṣọ funfun, ó jókòó sí apá òsì. A ń lọ jẹ́jẹ́. Lójú ọ̀nà, akẹ́rù kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú wa, ó dí mi lójú. Mo dẹ ẹsẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun, Ìyá Àgbà ti na ọrùn wò, ó ní, "Ó ṣófo, máa kọjá." Mo kọjá. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, "Tíṣà, epo ti wọ́n, kí ni a ó fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe?" Àbúrò bàbá mi náà wí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé n kò ní fi í ṣe ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Morris nìkan ni mo ń sọ. Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é ní Kaduna, àwọn tó mọ tinútòde rẹ̀ sì ti ń darúgbó. Toyota tí a fi ń yangàn lónìí yóò kan orí èyí náà lọ́jọ́ kan. Ohun tó bá Morris ń bọ̀ wá bá gbogbo ọjà tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́jà, mo bẹ̀ yín. Ẹ mú ìwé àti okùn. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ páálí yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí a ń fi í ṣe, ẹ so ó mọ́ ọn lára. Ẹ pe ọmọ yín, ẹ fi hàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ni ó fẹ́ tà. Bí ẹ bá sì jogún ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ṣe gbé òṣùwọ̀n kílò jáde kí ẹ tó pe àgbà kan wá wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́káníìkì ọ̀dọ́, bí ohun kan bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má tètè mú òòlù. Ẹ bèèrè.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wà fún wa. Mo ti ní ìwé ńlá kan tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ Bàbá Mẹ́káníìkì sí, mo ti dé ojú ìwé 64. Mo sì ti fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní iṣẹ́ ilé pé kí olúkúlùkù kọ orúkọ ohun èlò mẹ́wàá nínú iṣẹ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ àgbà. Ọmọbìnrin kan kọ ti òfì tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ń hun kíjìpá. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Èkìtì, mẹ́ta péré ni mo mọ̀ nínú mẹ́wàá náà. Ẹ dán an wò nínú kíláàsì tiyín.

Bàbá Mẹ́káníìkì ṣì wà, a dúpẹ́. Mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, bíréèkì Bedford ni a kàn. Ẹni tó bá ní àgbà nílé, kí ó má ṣe fi ọ̀la dá a.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a sọ ohun rere nù nítorí àìbèèrè. Àmín.